Ìdí-Igi àti Orí-ò-Jorí: Bí A Ti Pín Ìrànwọ́ Àjàkálẹ̀ Àrùn ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Láàrin àwa Yorùbá, bí baálé ilé bá kú, ọ̀nà méjì ni àwọn àgbà mọ̀ láti pín ohun tí ó fi sílẹ̀. Ọ̀nà kìíní ni ìdí-igi. A ó ka iye ìyàwó tí ó bímọ fún olóògbé, a ó sì pín ogún sí iye ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ìyá tí ó bí ọmọ kan ṣoṣo àti ìyá tí ó bí mẹ́fà, ọgbọọgba ni ìpín wọn yóò jẹ́. Ọ̀nà kejì ni orí-ò-jorí. A kò ní wo ti ìyá mọ́. Orí àwọn ọmọ ni a ó kà, orí kan kò sì ní ju orí kejì lọ. Nígbà tí àwọn ọmọ ìyá bá ń jà lórí ogún, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó jẹ́ pé ẹnì kan nínú wọn jalè. Ìgbà púpọ̀ ni ó jẹ́ pé ẹnì kìíní ń sọ̀rọ̀ ìdí-igi, tí ẹnì kejì sì ń sọ̀rọ̀ orí-ò-jorí, tí kò sì sí ẹni tí ó kọ́kọ́ bi wọ́n pé èwo ni a fẹ́ lò.

Irú ìjà bẹ́ẹ̀ ti dé ilẹ̀ Òyìnbó rí. Ẹjọ́ tí a mọ̀ sí ẹjọ́ Dawodu àti Danmole bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ó sì dé iwájú Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ọbabìnrin ní Lọ́ńdọ́nù ní 1962. Adájọ́ tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ fara mọ́ orí-ò-jorí, nítorí ó rí i pé òun ni ó bá ayé òde òní mu. Àwọn tí ó gbọ́ ọ kẹ́yìn kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ìdí-igi jẹ́ apá kan pàtàkì nínú òfin àbáláyé Yorùbá, ṣùgbọ́n pé bí ìjà bá ṣẹlẹ̀, olórí ẹbí ní agbára láti yan orí-ò-jorí kí ilé má baà tú.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogún ni mo dìde láti sọ níhìn-ín. Mo mú un ṣáájú nítorí pé ìjọba náà a máa pín nǹkan, àti pé ọ̀nà méjì kan náà yìí ni ó wà níwájú rẹ̀, bí ó mọ̀ ọ́n, bí kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí àrùn Kòrónà sé gbogbo ènìyàn mọ́lé ní ọdún 2020, Ìpínlẹ̀ Èkó ní oúnjẹ àti owó láti pín. Ohun tí a ń wá nínú àròkọ yìí ni bí ìpín náà ti rí fún ẹ̀ka méjì tí ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ náà, èyíinì ni Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Èrò mi ni pé kí ilẹ̀kùn àká oúnjẹ tó ṣí ni a ti pín oúnjẹ tán. Ọjọ́ tí a yan ọ̀nà tí a ó fi kà, tí a sì kọ orúkọ sílẹ̀, ni ọjọ́ ìpín gan-an.

Ó yẹ kí a wẹ̀yìn wò díẹ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn tí àwọn bàbá wa ń pè ní lúkúlúkú dé Èkó ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà ni ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Bida ti Gold Coast dé, àrùn sì bá a wọlé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìjọba ń wọ ilé dé ilé láti wá aláìsàn rí. Àwọn ará ìlú ń fi aláìsàn wọn pamọ́, ọ̀pọ̀ sì sá kúrò ní Èkó lọ sí ìgbèríko, wọ́n gbé àrùn náà lọ́wọ́. Orúkọ ẹni tí a ó yà sọ́tọ̀ ni ìjọba ń wá nígbà náà, kì í ṣe orúkọ ẹni tí a ó fún ní oúnjẹ. Àwọn àgbà sì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbọ́n, sísá ni ó ń sá fún ìwé.

Nínú àwọn ọdún 1940, nígbà ogun Hitler, ìjọba tún wọ inú ọ̀ràn oúnjẹ Èkó. Wọ́n fi iye lé gàrí àti àwọn oúnjẹ mìíràn, wọ́n sì fi ọ̀gágun kan tí ń jẹ́ A. P. Pullen ṣe alábòójútó. Púpọ̀ nínú gàrí tí Èkó ń jẹ, láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni ó ti ń sọdá ọ̀sà wá, ọjà Èjìnrìn ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ sì jẹ́ ojúkò òwò bẹ́ẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ètò Pullen kò dùn mọ́ àwọn obìnrin ọjà. Alimotu Pelewura, olórí wọn, tako ó láìbẹ̀rù, nítorí pé ẹni tí kò mọ ọ̀nà tí gàrí gbà wọ ìlú ni ó ń fi iye lé e. Oúnjẹ sá kúrò lójú ọjà, ó bọ́ sí ìkọ̀kọ̀, owó rẹ̀ sì ga sí i. Ní 1945 ni ìjọba jáwọ́ nínú rẹ̀. Ohun tí a rí kọ́ ni pé ìjọba tí ó bá fẹ́ pín oúnjẹ gbọ́dọ̀ bá ẹni tí ó mọ ojúlé ṣiṣẹ́.

Ní 2020, ó dà bí ẹni pé a ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ni a fìdí ẹni kìíní tí ó ní àrùn Kòrónà múlẹ̀ ní Nàìjíríà, ní Èkó. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, Ààrẹ Muhammadu Buhari pàṣẹ kónílé-ó-gbélé fún Ìpínlẹ̀ Èkó, Ìpínlẹ̀ Ògùn àti Àbújá. Àṣẹ náà bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kejì, ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ni a sì bẹ̀rẹ̀ sí tú u díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó ń jẹ láti ọwọ́ dé ẹnu, tí kò bá jáde kò lè jẹun, ni àṣẹ yìí kọ́kọ́ bá. Gómìnà Babajide Sanwo-Olu kéde pé ìjọba òun yóò fi ìrẹsì, ẹ̀wà, gàrí àti àwọn nǹkan mìíràn ránṣẹ́ sí 200,000 ìdílé ní ìpele kìíní, àwọn arúgbó àti àwọn aláìní ni ó sì ní lọ́kàn. Ènìyàn mẹ́fà ni a ṣírò fún ìdílé kan: bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin. Lẹ́yìn èyí, ìjọba tún kéde ilé ìdáná tí yóò máa bọ́ 100,000 ọ̀dọ́ lójúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ìdílé 200,000 ní ọ̀nà mẹ́fà jẹ́ ènìyàn 1,200,000. Ta ni a ó fi wọ́n wé? Ètò ìkànìyàn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2006 sọ pé ènìyàn 9,013,534 ni ó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kò gbà. Ó ní òun náà kà, òun sì rí ènìyàn 17,552,942. Bí a bá tẹ̀lé ti ìjọba àpapọ̀, oúnjẹ náà kan ẹnì kan nínú ènìyàn méje tàbí mẹ́jọ. Bí a bá tẹ̀lé ti Èkó, ẹnì kan nínú mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó kàn. Àpò ìrẹsì kò yí padà, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ yí padà gẹ́gẹ́ bí ìwé ẹni tí a bá ṣí. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ìwé méjèèjì ti di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà tí àrùn dé.

Àárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ti hàn jù. Ìhà Ìwọ̀-oòrùn ni àwọn méjèèjì wà tẹ́lẹ̀, títí a fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti jẹ́ méjì nínú ẹ̀ka márùn-ún ìpínlẹ̀ náà. Lójú òfin Nàìjíríà, ìjọba ìbílẹ̀ kan ni Ìkòròdú, ìjọba ìbílẹ̀ kan sì ni Ẹ̀pẹ́, nínú ogún tí Èkó ní. Ṣùgbọ́n ní 2003, Ìpínlẹ̀ Èkó dá agbègbè ìdàgbàsókè 37 kún ogún náà, gbogbo rẹ̀ sì di 57. Ìjọba àpapọ̀ kò fara mọ́ ọn, ó sì dá owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2004, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ sọ pé Ààrẹ kò ní agbára láti dá owó náà dúró, ṣùgbọ́n pé àwọn agbègbè tuntun náà kò tíì pé títí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ yóò fi fọwọ́ sí i. Nípa ètò tuntun yìí, Ìkòròdú di mẹ́fà: Ìkòròdú fúnra rẹ̀, Ìkòròdú Àríwá, Ìkòròdú Ìwọ̀-oòrùn, Ìgbògbò òun Báyékù, Ìjẹ̀dẹ́ àti Ìmọ̀tà. Ẹ̀pẹ́ di mẹ́ta: Ẹ̀pẹ́ fúnra rẹ̀, Ẹrẹ́dò, àti Ìkòsì òun Èjìnrìn.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ lásán wò ó. Kí a sọ pé 9,000 àpò oúnjẹ ni a fẹ́ pín fún ẹ̀ka méjèèjì. Bí a bá pín in ní ìdí-igi gẹ́gẹ́ bí ìwé ìjọba àpapọ̀, ìdí kan fún Ìkòròdú, ìdí kan fún Ẹ̀pẹ́, 4,500 ni yóò kan olúkúlùkù. Bí a bá pín in ní ìdí-igi gẹ́gẹ́ bí ìwé Èkó, ìdí mẹ́fà sí ìdí mẹ́ta, Ìkòròdú yóò gba 6,000, Ẹ̀pẹ́ yóò gba 3,000. Bí a bá pín in ní orí-ò-jorí, kíkà ìjọba àpapọ̀ ní 2006 fún Ìkòròdú ní ènìyàn 535,619, ó fún Ẹ̀pẹ́ ní 181,409. Ìpín Ìkòròdú yóò jẹ́ 6,723, ti Ẹ̀pẹ́ 2,277. Kíkà ti Èkó sọ pé 689,045 ni Ìkòròdú, 323,634 sì ni Ẹ̀pẹ́. Nípa rẹ̀, 6,124 ni Ìkòròdú yóò gbà, Ẹ̀pẹ́ yóò sì gba 2,876.

Ìpín mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyí, kò sì sí olè kankan nínú rẹ̀. Ìpín Ẹ̀pẹ́ nínú èyí tí ó pọ̀ jù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tí ó kéré jù. Ará Ẹ̀pẹ́ tí ó bá gba 2,277 lè sọ pé a rẹ́ òun jẹ; ará Ìkòròdú tí ó bá gba 4,500 lè sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn méjèèjì ni yóò sì rí ìwé fi hàn. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ìjọba tí kò bá kọ́kọ́ kéde ọ̀nà tí ó fi ń pín ti dá ìjà sílẹ̀ kí ó tó dá ohun rere sílẹ̀.

Bí ìpín bá ti kúrò lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó kù kí ó dé ojúlé. Ẹni tí ìjọba fi ọkàn tán fún iṣẹ́ yìí ni ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní CDA. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2008 fi ẹsẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ yìí múlẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn ti wà ṣáájú òfin náà. Àwọn ni ó ń dá owó ọdẹ alẹ́, tí ó ń ra ẹ̀rọ tiransifọ́mà nígbà tí iná bá kú, tí ó ń kó gọ́tà, tí ó ń gbẹ́ kànga. Ìjọba a sì máa fi owó ìrànwọ́ díẹ̀ ti iṣẹ́ wọn lẹ́yìn. Kò sí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan ní Àláúsá tí ó lè mọ ilé opó àti ilé arúgbó bí akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò ti mọ̀ ọ́n. Títí dé ibí yìí, ọ̀nà tí Èkó gbà dára ju ti Pullen lọ.

Ṣùgbọ́n ìwé orúkọ ẹgbẹ́ náà ní ìtàn tirẹ̀. Ìpàdé àwọn onílé ni ó bí púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ yìí. Ẹni tí ó ń dá owó ni orúkọ rẹ̀ ń wọ ìwé. Ní Ìkòròdú, níbi tí àdúgbò tuntun ń hù lójoojúmọ́, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì wá wá ilé tí owó rẹ̀ kò pọ̀ bí ti Èkó, àwọn ayálégbé pọ̀ rẹpẹtẹ. Ilé kan wà tí iyàrá rẹ̀ kọjú sí ara wọn, tí ìkòkò mẹ́wàá ń hó lórí ààrò mẹ́wàá nínú rẹ̀. Nínú ìwé onílé, ilé kan ṣoṣo ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń sùn sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ kò sí nínú ìwé rárá. Bí a bá wá sọ pé ìdílé kan jẹ́ ènìyàn mẹ́fà, a ti fi ilé onílé kan ṣe òṣùwọ̀n fún agbo ènìyàn tí kò jọ ọ́. Àwọn tí ebi ń pa jù ni wọ́n fi bẹ́ẹ̀ bọ́ sí ẹ̀yìn ìlà.

Ti Ẹ̀pẹ́ yàtọ̀. Ìlú àtijọ́ ni, ó sì ní ìhà méjì: Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́, àti Èkó-Ẹ̀pẹ́ tí í ṣe àrọ́mọdọ́mọ àwọn tí ó bá Ọba Kòsọ́kọ́ sá kúrò ní Èkó ní 1851. Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó ní 1862, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ̀ kò padà. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, gbogbo ènìyàn mọ ibi tí olúkúlùkù ti wá, ìdí-igi sì wà lọ́kàn wọn kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́: bí nǹkan bá dé, ìhà méjèèjì ni yóò wò ó bóyá ó dọ́gba. Ìṣòro ibẹ̀ kì í ṣe ti àlejò tí a kò mọ̀ bí kò ṣe ti ọ̀nà jíjìn. Àwọn abúlé apẹja tí ó wà lẹ́bàá ọ̀sà jìn sí ojú títì. Ìpín tí ó bá dé ìlú ńlá lè má dé ọ̀dọ̀ wọn láéláé bí kò bá sí ẹni tí ó san owó ọkọ̀ ojú omi. Ohun ìyanu ni pé ìlera kò kọ ibi tí ó jìn: ilé ìwòsàn Agbówà, ní agbègbè Ìkòsì òun Èjìnrìn, wà lára ibi tí ìjọba ń tọ́jú àwọn tí ó kó àrùn Kòrónà ní 2020.

Ohun tí àìkéde ń fà hàn gbangba ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà. Àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni ti dá ẹgbẹ́ kan tí a ń pè ní CACOVID sílẹ̀, wọ́n sì ra oúnjẹ fún gbogbo ìpínlẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá, nínú rúkèrúdò tí ó tẹ̀lé ìfẹ̀hónúhàn àwọn ọ̀dọ́ lòdì sí ẹ̀ka ọlọ́pàá SARS, àwọn ènìyàn já ilẹ̀kùn àká oúnjẹ kan ní Mazamaza, ní Èkó, wọ́n sì kó ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lọ. Kò pẹ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Ẹdẹ, ní Ìlọrin àti ní àwọn ìlú mìíràn. Àwọn gómìnà ṣàlàyé pé oúnjẹ náà kò tíì dé tán ní àwọn ibì kan, àti pé a fi díẹ̀ pamọ́ nítorí bóyá àrùn lè tún padà wá. Ó lè jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ebi pa fún oṣù mẹ́fà, tí a kò sọ fún pé ìpín rẹ̀ ń bọ̀ ní ọjọ́ báyìí, nípa ọ̀nà báyìí, kò lè yà àpamọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára àjẹìwẹ̀yìn.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni owó dé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 750 dọ́là fún ètò kan tí a ń pè ní NG-CARES, láti gbé àwọn tí àrùn ti fà sẹ́yìn dìde. Mílíọ̀nù 20 dọ́là ni a yà sọ́tọ̀ fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, Àbújá ní mílíọ̀nù 15, ìyókù sì jẹ́ ti àbójútó. Ẹ ò rí i pé ìdí-igi gan-an nìyí? Nípa kíkà 2006, Ìpínlẹ̀ Bayelsa ní ènìyàn 1,704,515, ìpín rẹ̀ sì lé ní dọ́là mọ́kànlá fún orí kan. Ti Èkó jẹ́ dọ́là méjì àti díẹ̀. Èmi kò bu ẹnu àtẹ́ lu èyí, nítorí ìpínlẹ̀ tí ó kéré ni òtòṣì tirẹ̀ pẹ̀lú. Mo kàn fẹ́ kí a mọ orúkọ ohun tí a ń ṣe.

Apá kan nínú ètò náà jẹ́ ti ìrànwọ́ fún iṣẹ́ àdúgbò: omi, ilé ìwòsàn kékeré, ilé ẹ̀kọ́, ọ̀nà. Ó gba ọgbọ́n rẹ̀ lọ́dọ̀ ètò mìíràn tí ó ti wà ní ìpínlẹ̀ púpọ̀ láti 2009. Nínú ti ìṣáájú yìí, àwọn ará àdúgbò fúnra wọn ni ó ń yan iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́, tí wọ́n ń yan ìgbìmọ̀, tí wọ́n sì ń dá ìdá kan nínú mẹ́wàá iye owó náà, ìbáà ṣe owó, ìbáà ṣe agbára. Inú àpò wọn ní báńkì ni ìyókù ń bọ́ sí, ní ẹsẹ̀ẹsẹ̀. Wọn kì í rí ti ẹ̀ẹ̀kejì gbà bí wọn kò bá ṣírò ti àkọ́kọ́. NG-CARES fi òmíràn kún un: ìpínlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ná owó tirẹ̀, àwọn ẹlẹ́rìí yóò wo iṣẹ́ náà fínnífínní, kí a tó san án padà. Ètò yìí dára, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé àdúgbò tí ó ti ní ẹgbẹ́, akọ̀wé àti àpò owó ni yóò kọ́kọ́ rí i gbà. Àdúgbò tí kò ní, tí í ṣe ìdí tí ó tálákà jù, ni yóò dúró. Nítorí náà ni ìwé orúkọ àti ìpàdé àdúgbò fi ṣe pàtàkì ju owó lọ.

Kí ni ṣíṣe? Ìdájọ́ 1962 ti fi ọ̀nà hàn wá. Ìdí-igi ni kí a fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀ka kankan má baà di ẹni ìgbàgbé. Ṣùgbọ́n bí àìdọ́gba bá fẹ́ da ilé rú, kí olórí ẹbí yan orí-ò-jorí, kí ó sì sọ ọ́ ní gbangba. Èyíinì ni pé kí abúlé apẹja tí ó kéré jù ní Ẹ̀pẹ́ ní ìpín tí a kò lè fọwọ́ kàn, kí a sì fi ìyókù tẹ̀lé iye orí, níbi tí Ìkòròdú ti pọ̀. Kí a máa ka ìkòkò, kí a má ṣe máa ka ilé nìkan. Kí ayálégbé ní ìjókòó nínú ìpàdé àdúgbò. Kí a ka orúkọ sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn ní ọjà, ní mọ́ṣáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹni tí kò gbọ́ tirẹ̀ lè pariwo nígbà tí oúnjẹ ṣì wà nílẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka èyí, ẹ̀yin ni a sábà máa ń fi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò, nítorí kálàmù wà lọ́wọ́ yín. Ní 1918, àwọn ènìyàn sá fún ìwé nítorí pé ìyà ni ó ń kọ. Ní 2020, wọ́n sáré tẹ̀lé ìwé, wọn kò sì bá orúkọ wọn níbẹ̀. Àrùn mìíràn lè dé láìfi ọjọ́ sí i. Ìsinsìnyí tí ara le, tí ọjà sì kún, ni ó yẹ kí a jókòó kọ ìwé náà, kí a kọ ọ́ pé, kí a sì fi í han ẹni tí a kọ orúkọ rẹ̀.